Bí A Ṣe Lọ Ka Àbùùbùtán Láti Ìjọ́rà

Gbogbo ẹni tó ń béèrè ibi tí a wọlé sí láti oṣù Kẹjọ, ìdáhùn yín rèé. Àwa mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, a sì ti fẹnu kò pé "a" ni a ó máa lò látòkè délẹ̀, nítorí ìjà inú rẹ̀ pọ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀kan ṣoṣo tí a máa yà sọ́tọ̀ ni Akọ̀wé, ẹni tí ìwé ìwádìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ti gbà.

Ìjọ́rà là ń gbé. Yàrá kan ni, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja inú yìnyín. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti tò sẹ́nu ọ̀nà kóòdù rúùmù. Páálí títù ń jáde, páálí kòtè ń jáde, páálí ṣáwá ń jáde, àwọn alábàárù ń pariwo "ẹ yà lọ́nà!" Òórùn ẹja máa ń bá wa wọ kíláàsì. Tí a bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì báyìí, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. A wá rò pé kò sí ẹni tó lè kọ́ wa ní nǹkan kan nípa ẹja.

Àṣé ẹja òkun ẹlòmíràn la mọ̀. Títù tí à ń jẹ, ọkọ̀ ló gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ti dì gbagidi kó tó rí Èkó. Èyí tó wà nínú òkun tó wà níwájú ilé wa, a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí olùkọ́ wa gbé àwòrán ilẹ̀ kan sára ògiri ni ojú tì wá.

Àwòrán etíkun wa ni, láti Gánà dé Gàbọ́ọ̀nù, pẹ̀lú àwọn erékùṣù tó wà láàárín òkun. Ibi yòówù tí ẹnikẹ́ni bá ti rí àbùùbùtán tàbí dọ́fìn, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, wọ́n fi àmì pupa kékeré síbẹ̀. Àmì pọ̀ lẹ́bàá São Tomé àti Príncipe. Ó pọ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù. Ó wà ní Gánà, ó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tó dé iwájú Èkó, ibẹ̀ funfun báláú. Olùkọ́ wa bi wá pé kí ló fà á. A dáhùn bí ọmọ tó mọ̀wé: ariwo ọkọ̀ ojú omi, epo, ìdọ̀tí. Ó jẹ́ ká sọ ọ́ tán, ó wá béèrè pé, "Ibi funfun yẹn, ṣé ẹran omi ni kò sí níbẹ̀, àbí ojú?"

Ìbéèrè yẹn ló lé wa jáde nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àwọn erékùṣù yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn wa kọ́kọ́ fò lọ. São Tomé, Príncipe àti Annobón jẹ́ òkè iná tó hù láti ìsàlẹ̀ òkun. Wọn kò fìgbà kan rí so mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí èyí, ilẹ̀ abẹ́ omi kò rọra ṣẹ́rí sísàlẹ̀ níbẹ̀ bíi ti etíkun wa; bí ọkọ̀ bá kúrò létí omi díẹ̀ báyìí, ó ti wà lórí ibú. Àwọn tó fẹ́ràn omi jíjìn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sperm whale, tí orí rẹ̀ tóbi bí ẹni ru páálí, lè súnmọ́ ilẹ̀ débi tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré á rí i. Bí a bá fa ìlà tààrà láti Èkó dé São Tomé, ó lé ní 750 kìlómítà. Kánò jìnnà sí wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, a mọ ẹni tó ti dé Kánò, a kò mọ ẹni tó ti dé São Tomé.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni àbùùbùtán abuké, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní humpback whale. Ó lè gùn tó mítà 13 sí 16. Ẹ to danfó mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ. Inú omi dídì ìhà gúúsù ayé ló ti máa ń jẹun. Nígbà tí òtútù bá dé ibẹ̀, ó máa ń rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tiwa láti bímọ àti láti wá ẹnìkejì, láti nǹkan bí oṣù Keje títí di oṣù Kẹwàá. Kì í ṣe ẹja rárá. Atẹ́gùn ló ń mí sínú bíi tiwa, ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Pọtogí tó ṣe ìwádìí ní São Tomé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 rí i pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí ni omi yẹn jẹ́ fún wọn, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra? Nígbà tí abuké bá fẹ́ rì jìnnà, ó máa ń gbé ìrù sókè. Abẹ́ ìrù yẹn ní dúdú àti funfun, kò sì sí méjì tó jọra, bí ìtẹ̀ka èèyàn kò ṣe jọra. Wọ́n á ya fọ́tò ìrù náà, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Ti dọ́fìn, apá ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń yà, nítorí ibi tó ti ya àti ibi tó ti já lára apá náà máa ń dá yàtọ̀.

Kíkà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ rò ó bíi danfó tó ń kọjá lábẹ́ bíríjì Ìjọ́rà. Kò sẹ́ni tó lè kó gbogbo wọn jọ kó kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ká ní a kọ nọ́ńbà 50 danfó sílẹ̀ lónìí, tí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí a tún kọ 50, tí a wá rí i pé márùn-ún nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà nínú ìwé wa ti tẹ́lẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé 50 tí a kọ́kọ́ kọ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo wọn. Danfó tó ń gba ibẹ̀ á tó 500. Bí wọ́n ṣe ń fi ìrù ka àbùùbùtán nìyẹn.

A ṣírò owó ọkọ̀ òfúrufú lọ sí São Tomé. A ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, a sì pa fóònù dé.

Ohun tó dá wa padà sí Ìjọ́rà ni ọ̀rọ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 2000, Koen Van Waerebeek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àbùùbùtán abuké lọ sí omi iwájú Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì rí i. Títí dòní, àwọn kan ń wọ ọkọ̀ láti Kútọnu lọ wò ó nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Kútọnu! Ibi tí a ti ń ra aṣọ òkìrìkà. Ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Ẹran tó rìn láti òpin ayé dé Kútọnu, ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù ló dá a dúró ní Ṣẹ̀mẹ̀ ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, a rí i pé ìbéèrè olùkọ́ wa gan-an nìyẹn.

Kí a tó lọ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀, a ní láti mọ orúkọ tí a máa pè é. Ibẹ̀ ni ìjà àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní erinmi ni Yorùbá ń pè é, nítorí nínú Bíbélì àtijọ́, níbi tí Ọlọ́run ti ń dá àwọn ẹ̀dá ńlá inú òkun, erinmi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran odò ni erinmi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń jẹ koríko. Àwọn yòókù ní àbùùbùtán ni, èyí ló sì borí. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: a bù ú, bù ú, kò tán. Orúkọ tí ẹni tó mú ọ̀bẹ dání sọ ọ́ nìyẹn. Òkú rẹ̀ gúnlẹ̀ sétí òkun, gbogbo ìlú gbé agbọ̀n àti àdá wá, wọ́n bù ú títí, ó ṣẹ́kù. Orúkọ tó dára ni, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ló ṣàpèjúwe. Kò sọ bí ó ṣe ń yọ lórí omi nígbà tó wà láàyè.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni. Nígbà tí a ka ìwé síwájú, a rí i pé ọ̀kan nínú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tó dára jù lọ nípa àbùùbùtán òkun wa ni èyí tí Charles Haskins Townsend tẹ̀ jáde ní 1935. Ibo ló ti rí ìmọ̀ rẹ̀? Inú ìwé àwọn ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń pa àbùùbùtán láyé àtijọ́ ni. Wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n pa á àti ibi tí wọ́n ti pa á. Àwọn ará Annobón náà kọ́ iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ wọn. Onímọ̀ ará Spéènì kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1985 pé wọ́n ṣì ń wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ fi ọ̀kọ̀ pa àbùùbùtán abuké. Ẹni tó ń pa á ló kọ́kọ́ kà á. A fẹ́ wá mọ̀ bóyá àwa lè kà á láìpa á.

A ya káàdì. Àwòrán ẹran omi mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí páálí tirẹ̀, láìsí orúkọ. Iṣẹ́ wa ni kí a lọ bá àwọn apẹja tó ń gbé ọkọ̀ wá sétí omi Ìjọ́rà àti Bàdíà, kí a fi hàn wọ́n, kí a béèrè èyí tí wọ́n ti rí. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó rí wa tí a ń ṣe báyìí-báyìí pe wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹja wo lẹ̀ ń ká kiri?" A ṣàlàyé. Ó wo káàdì, ó wò wá. "Ẹ fẹ́ ka ẹja tí ẹ kò ní tà?" Ó fún wa ní ọ̀sàn, bóyá ó rò pé ebi ló ń pa wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ti rí gbogbo nǹkan. Káàdì yòówù tí a bá gbé sókè, "Hẹn-ẹn, ó wà níbẹ̀ o, ó pọ̀." Inú wa dùn. Ìwé Akọ̀wé kún. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ti kìlọ̀ pé kí káàdì kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ti ẹran tí kò lè sí ní òkun wa láéláé. A ti lo ti narwhal, èyí tó ní ìwo gígùn kan níwájú, tó jẹ́ pé inú omi yìnyín òkè ayé nìkan ló ń gbé. Nígbà tí a délé tí a ka ìdáhùn, èèyàn mẹ́sàn-án nínú méjìlá ti rí narwhal. Ẹnì kan tiẹ̀ ti jẹ ẹ́ ní Bonny. Ó ní ó dùn.

A kò lè bínú sí wọn. Àwa ni a béèrè bí ẹni tó ń wá "bẹ́ẹ̀ ni." Ọmọ ilé ìwé gbé àwòrán wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ta ló fẹ́ já a kulẹ̀? A fa ìlà sórí ojú ìwé mẹ́sàn-án, ó dùn wá gan-an.

Bàbá kan ló gbà wá. Ìlàjẹ ni wọ́n, wọn kì í lọ sókun mọ́, àwọ̀n ni wọ́n ń tún ṣe. A kí wọn pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," a sì na káàdì sí wọn. Wọn kò gbà á. Wọ́n ní, "Ẹ gbé ìyẹn jù síbẹ̀. Ta ló ń rí gbogbo ara rẹ̀ báyìí? Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Ẹ bi mí bó ṣe yọ." A kò mọ bí a ṣe máa béèrè, wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn kan máa ń sáré bá ọkọ̀, wọ́n á máa fò. Àwọn yẹn pọ̀, inú omi aró ni wọ́n wà, níbi tí ilẹ̀ kò ti hàn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ṣì ń pẹja ní ìhà Ayétòrò, irú kan wà tí kì í fò. Inú omi rírú ló máa ń wà, níbi tí odò ti ń wọ òkun, lẹ́bàá ilẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́ta, mẹ́rin. Á rọra yọ ẹ̀yìn, á rọra wọlé. "Ó wá ní nǹkan lẹ́yìn báyìí." Bàbá fi àtàǹpàkò kan èjìká ara wọn. "Bí iké."

A wo ara wa. Ohun tí Bàbá ń ṣàpèjúwe wà lórí káàdì kẹfà. Dọ́fìn abuké ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ jẹ́ Sousa teuszii. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, láti Sàhárà dé Àǹgólà, nínú omi tí kò jìn. Láti 2017 ni ẹgbẹ́ IUCN ti kọ ọ́ sára àwọn ẹran tó kù díẹ̀ kó parẹ́ pátápátá; wọ́n ní àpapọ̀ rẹ̀ kò dà bí èyí tó tó 3,000. Àwọ̀n àwọn apẹja ló ń pa á jù. Ní Nàìjíríà, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó dájú nípa rẹ̀ títí di ẹ̀yìn ọdún 2010, nígbà tí wọ́n kọ nípa ti agbègbè Brass. Bàbá wá jókòó sórí agolo ọ̀dà ní Ìjọ́rà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ya àwòrán rẹ̀ fún wa.

A sáré lọ bá olùkọ́ wa. Ó gbọ́ ọ tán, inú rẹ̀ dùn, ó sì ní kí a kọ ọ́ sí abala "ohun tí a gbọ́." Kì í ṣe "ohun tí a rí." Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ó wá sọ ìtàn dọ́fìn yẹn gan-an fún wa. Ní 1892, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Kükenthal, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ. Agbárí rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Kamẹrúùnù, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní ó wà nínú ikùn rẹ̀: ewé àti koríko. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé dọ́fìn yìí kò jẹ ẹja, koríko ló ń jẹ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó jọ pé ikùn mánátì, ẹran omi tó ń jẹ koríko lóòótọ́, ló dà pọ̀ mọ́ agbárí dọ́fìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò purọ́. Ohun tó dé ọwọ́ rẹ̀ ló gbà gbọ́.

Ìgbà yẹn la pinnu pé a máa fojú ara wa wò ó. Kò sí owó ọkọ̀ tó máa gbé wa dé ojú òkun. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe irú ìwádìí yìí láti orí ilẹ̀ náà, bí ibi gíga bá wà. A rántí òkúta tí wọ́n tò wọnú òkun lẹ́nu èbúté Èkó nígbà ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́bàá Tarkwa Bay. A fẹnu kò lórí ọjọ́ Sátidé mẹ́ta nínú oṣù Kẹjọ. Ọlọ́kọ̀ kan ní Ìjọ́rà gbà láti gbé wa, ó fún wa ní láífù-jákẹ́ẹ̀tì, ó sì gba owó lọ́wọ́ wa kó tó táná sí ẹ́ńjìnnì. A gba abẹ́ bíríjì, a gba iwájú Àpápá, àwọn ọkọ̀ ńlá dúró lórí omi bí ilé alájà mẹ́wàá, àwa wà nísàlẹ̀ wọn bí èèpo ẹ̀pà.

Òfin tí olùkọ́ wa fún wa rọrùn. Ẹni méjì á máa wo òkun, ọ̀kan pẹ̀lú awò tó ń fa ohun jíjìn mọ́ra, èkejì pẹ̀lú ojú lásán. Ẹnì kan á máa kọ̀wé. Ẹnì kan á sinmi. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a pààrọ̀. Kí a kọ àkókò tí a bẹ̀rẹ̀, àkókò tí a dáwọ́ dúró, bí ìgbì ṣe rí, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Bí fóòmù funfun bá ti bo orí ìgbì, kí a kọ ọ́, nítorí ẹ̀yìn dọ́fìn kò ṣeé rí nínú rẹ̀ mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n alákàn kì í ṣọ́ ọ fún wákàtí mẹ́fà gbáko nínú oòrùn.

Sátidé àkọ́kọ́, a rí ọkọ̀ ojú omi mọ́kànlélógún, ike pọ́ọ̀wọ́tà tí a kò lè kà, ẹyẹ òkun, àti bàtà ọmọdé kan tó léfòó. Wákàtí mẹ́fà. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Akọ̀wé ṣí ìwé, ó kọ ọ́: "Wákàtí 6. Òdo." A ní kó má kọ nǹkan kan, kí ni a fẹ́ fi òdo ṣe? Ó ní òdo yàtọ̀ sí òfo. Òfo ni kí ẹnikẹ́ni má wò. Òdo ni kí èèyàn wò fún wákàtí mẹ́fà, kó má rí. Bí ẹlòmíràn bá wá lọ́dún mẹ́wàá òní, òfo kò ní sọ nǹkan kan fún un, òdo wa á sọ.

Sátidé kejì, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ẹnì kan nínú wa kígbe. Ní ìta ẹnu èbúté, ẹ̀yìn dúdú kan yọ. Òmíràn tẹ̀lé e. A ka mẹ́rin, a tún ka márùn-ún. Wọn kò fò. Wọ́n rọra ń yọ, wọ́n rọra ń wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Gbogbo wa ti dìde dúró lórí òkúta, ọ̀kan ń sunkún, a kò ní sọ ẹni tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, òkun padà sí bó ṣe wà.

Ìjà ńlá wá bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú wa rí iké. A búra pé a rí i. Omi ibẹ̀ rú, wọn kò jìnnà sílẹ̀, wọn kò fò, bí Bàbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí a bá kọ "dọ́fìn abuké" sílẹ̀, àmì pupa máa wà níwájú Èkó, àwa la sì máa fi í síbẹ̀. Akọ̀wé kò gbà. Ó ní dọ́fìn onímú ìgò náà máa ń rọra yọ nígbà tó bá ń sinmi, òun náà sì máa ń wá sétí ilẹ̀. A ṣí fọ́tò tí a fi fóònù yà. Àmì dúdú mẹ́ta lórí omi eérú. Bí a ṣe ń fẹ̀ ẹ́ lójú, bẹ́ẹ̀ ló ń di páálí onígun mẹ́rin.

A sọ̀rọ̀ burúkú sí Akọ̀wé lọ́jọ́ yẹn. A ní òun kò fẹ́ kí nǹkan rere ṣẹlẹ̀. Inú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà, ló tó dá wa lóhùn. Ọmọ Bàdíà ni. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n wó àdúgbò wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn ará àdúgbò kọ orúkọ ara wọn sínú ìwé kan, láti fi hàn pé èèyàn gbé ibẹ̀. Àwọn kan fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Ìbàdàn kún un, àwọn mìíràn kọ ọmọ méjì ní mẹ́rin. Wọ́n rò pé wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni. Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò rí mẹ́ta tí kò jẹ́ òótọ́, wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún. Akọ̀wé ní, "Ẹni tí wọn kò kà, wọ́n lè ní kò sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á ní èké, ẹ ti bá wọn wí i."

Ọkọ̀ dé Ìjọ́rà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé wa fún ọjọ́ náà nìyí: "Wákàtí 6. Dọ́fìn, 4 sí 5. Irú: a kò mọ̀."

Sátidé kẹta, òjò lé wa lẹ́yìn wákàtí méjì. Òdo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a rí nǹkan, àbùùbùtán kankan kò yọ sí wa.

Ẹ lè ní kí ni àǹfààní rẹ̀. Èbúté tuntun ti Lékkí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ọkọ̀ ńláńlá á máa pọ̀ sí i ní etíkun wa, wọ́n á sì tún máa kọ́ nǹkan mìíràn sí i. Kí wọ́n tó kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè ohun tó ń gbé inú omi ibẹ̀. Bí ìwé bá funfun, "kò sí nǹkan" ni wọ́n máa kà sí i. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ wá láti òpin ayé kò ní fóònù tí yóò fi pè wá. Ìwé wa tí òjò ti rin yìí kéré, ṣùgbọ́n ojú ìwé náà kò funfun mọ́.

A padà lọ bá Bàbá. A ra búrẹ́dì àti mílíìkì lọ. A jẹ́wọ́ pé a rí nǹkan, pé a rò pé tiwọn ni, ṣùgbọ́n a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. A ti ń retí pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní kí a ka ohun tí a kọ fún àwọn. Akọ̀wé kà á. Wọ́n ní kó tún un kà. Wọ́n wá béèrè apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, a wo ìwé, a sì sọ fún wọn. Wọ́n béèrè bóyá omi ń wọlé ni àbí ó ń jáde. A wo ìwé. A kò kọ ọ́.

Bàbá mi orí, wọ́n padà sídìí àwọ̀n wọn. "Ẹ kọ ọ́ nígbà mìíràn. Ìgbà tí omi bá ń jáde ló máa ń wá."

A ti fi ìlà kan kún ìwé wa fún ìyẹn. Oṣù Keje tó ń bọ̀ la máa padà sórí òkúta, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde nílé ìwé, tí ẹ ní awò tó dára tàbí kámẹ́rà tó lè fa ohun jíjìn mọ́ra tí ẹ kò lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà níbí, àyè ẹni méjì ṣì ṣófo nínú ọkọ̀. Ẹ mú fìlà dání. Ẹ má sì sọ pé ẹ ti rí narwhal.